"Pa Á Mọ́": Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àká Ẹlẹ́nà àti Ẹ̀dà Àfirọ́pò Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ti ibẹ̀ tàn dé Oregun ní apá kan àti Agége ní apá kejì. Ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì ń bà ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe: ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀dà ilé, aṣọ àti oògùn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2013 ni ilé kan ti ń ṣiṣẹ́ ní Oregun tí ohun tí wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ bà. Rack Centre ni orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà ni ó kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ìṣirò sì ni ẹrù tí ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ṣètò iná mànàmáná àti ẹ̀rọ amútútù ilé náà lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé wọ́n lè dá apá kan dúró fún àtúnṣe kí iṣẹ́ má sì dúró. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Tier III.

Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé yìí, ìdáhùn rẹ̀ kò ní pẹ́: wọ́n ń pa nǹkan mọ́ níbẹ̀ ni. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó pa nǹkan mọ́ lè jẹ́ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ kí ó má baà sọnù, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó fi í sí ìkọ̀kọ̀ kí ojú má baà tó o. Bí ìyá bá pa owó mọ́ sínú àpótí, iṣẹ́ méjèèjì ni ó ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí èdè kò fi rí ohun tí ó gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ nínú wọn. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ méjèèjì ti pínyà, nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn jà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn lè pàdánù gbogbo ohun tí ó rò pé òun ti pa mọ́. Irinṣẹ́ kan tí àwọn tí ó ṣe ètò Tails ṣe ni ó fi ìṣòro yìí hàn kedere, òun ni yóò sì jẹ́ àpẹẹrẹ níhìn-ín.

2. Ètò Onígbàgbé àti Àká Rẹ̀

Tails jẹ́ ètò amú-kọ̀ǹpútà-ṣiṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2009. Orí fíláàṣì kékeré ni ènìyàn máa ń gbé e lé. Bí wọ́n bá ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, ètò náà yóò ṣiṣẹ́ nínú iyè ojú-ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nìkan, ìyẹn apá tí ó máa ń gbàgbé ohun gbogbo nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gba ìsokọ́ra Tor kọjá, kí ó má baà rọrùn láti mọ ibi tí olùlò wà. Bí iṣẹ́ bá parí, kọ̀ǹpútà yóò wà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Onígbàgbé ni ètò náà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ onígbàgbé ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbàgbé ohun gbogbo kò lè ṣe iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Nítorí náà ni wọ́n fi apá kan kún un ní ọdún 2012, tí olùlò lè dá sílẹ̀ lórí fíláàṣì kan náà láti fi tọ́jú ìwé, lẹ́tà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Apá yìí ni a lè pè ní àká àìparẹ́. Gbólóhùn aṣínà kan ni ó ń ṣí i. Ẹni tí kò bá mọ gbólóhùn náà kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju rúdurùdu lọ.

Agbègbè Ìkẹjà kò ṣàjèjì sí ìdí tí ènìyàn fi lè nílò irú àká bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń pè ní Oregun Road tẹ́lẹ̀ ni ó ń jẹ́ Kudirat Abiola Way lónìí, ní ìrántí obìnrin tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996. Ní ìgbà kan náà ni àwọn ìwé ìròyìn bíi Tell àti TheNEWS ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, tí àwọn agbófinró ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀dà wọn. Ní ọdún 1995 ni wọ́n sọ Kunle Ajibade, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú TheNEWS, sí ẹ̀wọ̀n. Ohun méjì ni oníròyìn nígbà náà ń bẹ̀rù: kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ ìwé rẹ̀, àti kí ìwé náà parun. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó rọrùn láti fi bò. Ẹ̀dà púpọ̀ ni ó ṣòro láti parun. Ohun tí ó ń gba ìwé lọ́wọ́ olófòófó ni ó ń tì í sọ́wọ́ àdánù, ohun tí ó sì ń gbà á lọ́wọ́ àdánù ni ó ń tì í sọ́wọ́ olófòófó. Ibi tí àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ Tails ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn gan-an nìyí.

3. Ewu tí Ń Bẹ nínú "Pa Mọ́"

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990 tún mú ọ̀rọ̀ náà lágbára sí i. Ẹ̀kọ́ kan tí ó yẹ kí ó yé gbogbo òǹtumọ̀ ni pé kí èrò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan má sì ru èrò méjì nínú ìmọ̀ kan ṣoṣo.

"Pa mọ́" rú òfin yìí nígbà mẹ́ta. Wọ́n ń lò ó fún kíkọ iṣẹ́ sí inú àká, wọ́n ń lò ó fún fífi nǹkan sí ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì tún ń lò ó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní backup. Èyí tí ó tún burú jù ni aládùúgbò tí ó ní. "Pa á mọ́" àti "pa á rẹ́" fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú, wọ́n sì takora ní ìtumọ̀. "Pa" nìkan sì ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò fún pípa ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá rí ìbéèrè náà, "Ṣé kí n pa àká yìí mọ́?", lójú ẹ̀rọ lè rò pé wọ́n fẹ́ tọ́jú àká rẹ̀, tàbí pé wọ́n fẹ́ fi í pamọ́ fún ojú, tàbí pé wọ́n fẹ́ ti í. Kí ẹnìkan fojú inú wo akọ̀wé ilé-ìwòsàn kan tí ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìwé àwọn aláìsàn ti ní ẹ̀dà kejì. Bí fíláàṣì náà bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, èdè ni ó ṣì í lọ́nà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi "àtìlẹ́yìn" rọ́pò. Èyí pẹ̀lú kò bójú mu, nítorí ìrànlọ́wọ́ ni àtìlẹ́yìn jẹ́ létí Yorùbá. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kí ó ṣe àtìlẹ́yìn fún àká rẹ̀ lè máa wá ẹni tí yóò bá a gbé e. Ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé wá, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀.

4. Àrokò tàbí Ẹnà?

Fún sísọ ọ̀rọ̀ di ohun tí àjèjì kò lè kà, àṣà Yorùbá ní ohun méjì tí òǹtumọ̀ lè yá lò. Èkínní ni àrokò. Ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ẹfà ni, pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fẹ́ fà á mọ́ra. Ẹwà àrokò pọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí àwùjọ ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀ ni ó gbára lé. Ohun tí kò bá ní àrokò tirẹ̀ kò ṣeé fi àrokò sọ. Kò sí àrokò tí yóò gbé ìwé ìṣirò owó oṣù òṣìṣẹ́ dé ibi tí ó ń lọ láìyẹ̀.

Èkejì ni ẹnà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ àpilẹ̀kọ lé lórí ní ọdún 1982. Ẹnà kò dá lórí ohun tí wọ́n ń sọ. Ìlànà ni ó ní, ìlànà náà sì bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu. Nínú irú ẹnà kan, sílébù kan ni wọ́n ń fi tẹ̀lé sílébù kọ̀ọ̀kan, tí "wá sílé" fi ń di "wágá sígílégé". Ohunkóhun tí ẹnu lè sọ ni ẹnà lè bò, ẹni tí ó bá sì mọ ìlànà lè tú u padà láìsí pé lẹ́tà kan sọnù. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é gan-an nìyí. Ìdí nìyí tí "ìsọdẹnà" fi dára ju "ìpàrokò" lọ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní encryption. Sísọ ọ̀rọ̀ di ẹnà ni iṣẹ́ náà, títú ẹnà ni òdìkejì rẹ̀, àká tí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ni àká ẹlẹ́nà.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi han akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ẹnà àwọn ọ̀dọ́, ìlànà fúnra rẹ̀ ni àṣírí. Bí ẹgbẹ́ kejì bá ti gbọ́ ọ, ẹnà ti tú nìyẹn. Láti ọdún 1883 ni Auguste Kerckhoffs ti kọ́ni pé ètò ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó dára gbọ́dọ̀ lágbára bí ọ̀tá tilẹ̀ mọ ìlànà rẹ̀ látòkèdélẹ̀, pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ ìlànà tí Tails ń lò, LUKS ni orúkọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ olúkúlùkù ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

5. Orí Àká

LUKS kò fi gbólóhùn aṣínà sọ ìwé di ẹnà tààràtà. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kan wà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, òun ni ó ń sọ ohun gbogbo nínú àká di ẹnà. Gbólóhùn aṣínà olùlò kàn ń ti kọ́kọ́rọ́ àgbà yìí mọ́ ibì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àká ni. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó máa jẹ́ orí àká. Àyè kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ ni ó wà ní orí náà nínú LUKS àkọ́kọ́, kí gbólóhùn aṣínà tí ó ju ẹyọ kan lọ lè ṣí àká kan.

Ohun méjì ni ó ti inú ètò yìí jáde. Àkọ́kọ́ ni pé bí orí bá bàjẹ́, ara ti di òkú. Kí gbogbo ìwé inú àká wà láìyẹ̀, kí olùlò sì rántí gbólóhùn aṣínà rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tí ó lè rí mú mọ́. Ohun tí ó ń dá olè dúró gan-an ni yóò dá onílé dúró. Èkejì ni pé pípààrọ̀ gbólóhùn aṣínà kò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àgbà. Bí ẹ̀dà orí àtijọ́ bá wà níbì kan, gbólóhùn àtijọ́ ṣì lè ṣí i, kọ́kọ́rọ́ àgbà tí ó bá sì tibẹ̀ jáde yóò ṣí àká tòní pẹ̀lú.

Fíláàṣì sì jẹ́ ohun tí ó ń gbó. Ó ń sọnù nínú ọkọ̀, ó ń bọ́ sínú omi, iná sì lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ní àká ẹlẹ́nà nílò ẹ̀dà kejì ju ẹni tí àká rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ.

6. Ọ̀nà Mẹ́ta

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà láti ṣe ẹ̀dà àká bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n da gbogbo àká kọ ní títì, láti orí dé ìdí, láì ṣí i. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n àyè òfìfo inú àká ni wọn yóò tún dà kọ pẹ̀lú, kọ́kọ́rọ́ àgbà kan náà ni àká méjèèjì yóò máa lò, ewu gbólóhùn àtijọ́ tí a mẹ́nu bà lókè yóò sì máa tẹ̀lé e.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ṣí àká, kí wọ́n sì kó ìwé inú rẹ̀ sórí fíláàṣì lásán. Ó rọrùn jù, òun sì ni ó burú jù. Ẹni tí ó ṣe é ti fi irin ṣe ilẹ̀kùn iwájú tán, ó wá ṣí ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n dá àká ẹlẹ́nà mìíràn sílẹ̀ lórí fíláàṣì kejì, kí ó ní gbólóhùn aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ àgbà tirẹ̀, kí wọ́n ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì bu láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Èyí ni àwọn tí ó ṣe Tails yàn. Títí di ìparí ọdún 2021, olùlò fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é: yóò gba agbára alábòójútó, yóò sì tẹ àṣẹ gígùn kan lẹ́tà lẹ́tà. Àṣìṣe kékeré nínú àṣẹ náà lè da ohun gbogbo rú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni irinṣẹ́ kan jáde pẹ̀lú Tails 4.25 tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olùlò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Tails 5.14 fi kún un pé ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ẹ̀dà Tails fúnra rẹ̀ lè da àká àìparẹ́ kọ pẹ̀lú rẹ̀.

Iṣẹ́ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ ní kíkó ìwé láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó ń fi àká méjèèjì wéra, ohun tí ó bá yàtọ̀ nìkan ni ó ń kó, kí ìgbà kejì má baà pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ó ń tọ́jú orúkọ ẹni tí ó ni ìwé kọ̀ọ̀kan àti àṣẹ tí ó wà lórí rẹ̀, nítorí bí èyí bá sọnù, ètò lè kọ̀ láti ka ìwé náà nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Ohun tí olùlò bá ti pa rẹ́ nínú àká àkọ́kọ́ ni àṣẹ àtijọ́ náà ń pa rẹ́ nínú èkejì, kí méjèèjì lè dọ́gba. Ìmúdọ́gba ni orúkọ tí ó tọ́ sí èyí, ó sì yẹ kí olùlò mọ̀ pé ìmúdọ́gba ń tọ́jú àṣìṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tọ́jú òtítọ́. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ìwé rẹ́ ní àárọ̀, tí ó sì mú àká méjèèjì dọ́gba ní ìrọ̀lẹ́, ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

7. Orúkọ tí Iṣẹ́ Náà Ń Béèrè

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ gbogbo iṣu tán. Ó ń yọ èèbù sọ́tọ̀. Èèbù kì í ṣe iṣu tí wọ́n kàn fi pamọ́. Iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́la ni ó sọ ọ́ di èèbù: òun ni wọn yóò gbìn kí oko tún lè kún. Bákan náà, ohun tí ó sọ ẹ̀dà di ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní backup kì í ṣe ibi tí ó wà, bí kò ṣe pé ó lè rọ́pò èyí tí ó sọnù. Nítorí náà ni "ẹ̀dà àfirọ́pò" fi bá a mu. Ọ̀rọ̀ náà ń bi olùlò ní ìbéèrè tí "ìpamọ́" kò lè bi í: ǹjẹ́ ẹ̀dà yìí lè rọ́pò lóòótọ́? Ẹni tí kò bá tíì fi fíláàṣì kejì náà ṣí kọ̀ǹpútà, tí kò tíì tẹ gbólóhùn aṣínà rẹ̀, tí kò tíì ka ìwé kan nínú rẹ̀, kò ní ẹ̀dà àfirọ́pò. Ìrètí ni ó ní.

Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 dárúkọ ìsọdẹnà láàárín àwọn ọ̀nà ààbò, ó sì dárúkọ agbára láti dá ọ̀rọ̀ padà lásìkò bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Òǹtumọ̀ tí ó bá fi "ìpamọ́" túmọ̀ méjèèjì ti sọ ojúṣe méjì di ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ka ìtumọ̀ rẹ̀ sì lè rò pé òun ti pa òfin mọ́ nígbà tí ó ṣe ìdajì.

Ibi tí ẹ̀dà wà náà ṣe pàtàkì. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì jìnnà sí ilé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, ACE, MainOne àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro ní Nàìjíríà. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní òkèèrè nìkan mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ohun tí ó wà kì í ṣe ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó. Èyí tí ó wà ní Oregun àti èyí tí ó wà nínú àpò ní iṣẹ́ tiwọn.

8. Àkójọ Ọ̀rọ̀-Ìperí

Àká: ibi tí ẹ̀rọ ń kọ ọ̀rọ̀ sí fún ìlò ọjọ́ iwájú.

Àká àìparẹ́: àká tí kò ṣófo nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ onígbàgbé.

Ìsọdẹnà: fífi ìlànà àti kọ́kọ́rọ́ sọ ọ̀rọ̀ di ohun tí àjèjì kò lè kà. Títú ẹnà ni òdìkejì rẹ̀.

Àká ẹlẹ́nà: àká tí ohun gbogbo inú rẹ̀ ti di ẹnà.

Gbólóhùn aṣínà: ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tí olùlò mọ̀, tí ó ń ṣí kọ́kọ́rọ́ àgbà.

Kọ́kọ́rọ́ àgbà: kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá, tí ó ń sọ àká di ẹnà.

Orí àká: ìbẹ̀rẹ̀ àká, níbi tí kọ́kọ́rọ́ àgbà wà ní títì.

Ẹ̀dà àfirọ́pò: ẹ̀dà tí ó lè gba ipò àkọ́kọ́ bí ó bá sọnù.

Ìmúdọ́gba: mímú kí ẹ̀dà rí bí àkọ́kọ́ ti rí lásìkò náà, ní kíkún àti ní píparẹ́.

Ìdápadà: kíkó ohun inú ẹ̀dà àfirọ́pò padà sípò.

9. Àgbálọgbábọ̀

"Pa mọ́" kò ní kúrò nínú èdè, kò sì yẹ kí ó kúrò. Ó ní ààyè rẹ̀ lẹ́nu ìyá tí ó ń pa owó mọ́ àti lẹ́nu ọmọ tí ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n níbi tí bọ́tìnì kan ti lè pinnu bóyá ìwé ọdún mẹ́wàá yóò wà tàbí yóò parun, kí olùkọ́ àti òǹtumọ̀ sọ èyí tí wọ́n ń sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ó wọ àká, kí ó di ẹnà, tàbí kí ó ní ẹ̀dà àfirọ́pò. Ẹni tí ó ṣe ọ̀kan kò tíì ṣe èkejì.